Ọmọ Tí Ẹ Ní Ó Sanra

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Williamsville, l'Ábíjàn níbí. Mo kí bàbá mi, mo kí Bọ̀ọ̀dá Akin àti ìyàwó wọn. A wà láàyè, a dúpẹ́. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, kí gbogbo ìyá tó ń bá àwa ará òkèèrè tọ́mọ lè kà á, nítorí ohun tó ṣe mí kò ṣe èmi nìkan.

Òjò kò dá níbí láti ìjẹta. Abọ́ àti ike tí mò ń tà lọ́jà Adjamé, inú yàrá ni mo kó wọn sí, kò sẹ́ni tó ń dúró ra abọ́ nínú ẹrẹ̀. Bàbá Ṣadé ti wọ ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní gbaka lọ sí Anyama, níbi tó ti ń ṣa obì fún àwọn oníṣòwò. Ó ku èmi àti àwọn ọmọ. Kò sí ìyá, kò sí àbúrò tí mo lè bá sọ̀rọ̀, ni mo bá jókòó kọ ìwé, torí mo ráyè bínú.

Nígbà tí ìjà dé ìlú yìí, ẹ̀yin lẹ ní ká gbé Ṣadé wá sílé kó má bàa rí ogun. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà náà. Mò ń fi sadínì, mílíìkì àti ẹja gbígbẹ rán awakọ̀ sí i. Tí mo bá pè yín, ẹ ó ní ó ń ṣe dáadáa, ó sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Èmi àti bàbá rẹ̀ á dúpẹ́. Mo tiẹ̀ ń fi yín yangàn fún àwọn aládùúgbò.

Ìlú rọ̀, Bọ̀ọ̀dá Akin mú un padà wá. Mò ń wẹ̀ fún un, mo fi ìka tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ìka mi kò kún padà. Irun rẹ̀ ti pọ́n, awọ itan rẹ̀ ń bó. Kò ṣeré, ó kàn jókòó bí arúgbó. Mo gbé e sáré lọ sí dispensaire, ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, obìnrin Dioula kan tó ti dàgbà, ní kí n bi í ohun tó ń jẹ nílé. Ṣadé ní ẹ̀kọ láàárọ̀, gàrí lọ́sàn-án, èbà àti omi ọbẹ̀ lálẹ́. Nọ́ọ̀sì mi orí. Ó ní, madame, kì í ṣe pé ó sanra, omi ló kún ara rẹ̀. Ó ń yó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ kan ṣoṣo ló ń jẹ, aṣọ ni oúnjẹ náà ń pààrọ̀. Ó tọ́ka sí àwòrán ara ògiri. Ẹ̀gẹ́, iṣu, àgbàdo, attiéké tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe níbí, agbára ni gbogbo wọn ń fúnni. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹja, ẹyin àti wàrà ló ń kọ́ ara ọmọ. Ẹ̀fọ́ àti èso ni kì í jẹ́ kí àìsàn rí i gbé ṣe. Ó ní kí òróró díẹ̀ wà níbẹ̀, kí n sì máa da gbogbo wọn pọ̀ sínú abọ́ rẹ̀. Èmi tí mò ń ta abọ́, ìyá mi, mi ò mọ ohun tó yẹ kó wà nínú abọ́.

Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní ẹyin ń sọ ọmọdé di olè. Ẹ ní bàbá ló ni ẹran. Ẹ ní sadínì náà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí àlejò lè rí i pé ẹ lọ́mọ ní Àbíjàn. Ó bí mi nínú, ó ṣì ń bí mi. Ká ní ìyàn ló mú nílé ni, ǹ bá sunkún kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n adìẹ ń yé lẹ́yìn ilé yín, ẹ̀wà wà lóko bàbá mi, ẹ̀fọ́ ń hù lẹ́bàá kànga. Ẹ̀ ń ta ẹyin kẹ́ ẹ lè ra gàrí fún ọmọ mi!

Ara rẹ̀ ti ń yá. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi ẹja sínú abọ́ rẹ̀, á kọ́kọ́ gbé e lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ìyẹn á dá a padà, á tún gbé e wá fún mi. A ó bẹ̀ ẹ́ títí kó tó jẹ ẹ́, ojú wa ni á sì máa wò bó ti ń jẹ. Ẹ kọ́ ọ dáadáa.

Ẹ wá ránṣẹ́ pé kí n gbé Kúnlé àbúrò rẹ̀ wá báyìí, kó má bàa gbàgbé èdè. Òótọ́ ni, tí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Faransé ló fi ń dá mi lóhùn. Mi ò ní gbé e wá. Kó máa sọ Faransé, kí ara rẹ̀ le. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ máa bọ̀, àyè wà lórí ẹní wa.

Lánàá mo se ẹyin fún wọn. Kúnlé jẹ tirẹ̀ kó tó tutù. Ṣadé jẹ ìdajì, ó fi bébà wé ìyókù, ó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo bi í pé ta ló ń fi pa mọ́ fún. Ó ní Màmá Àgbà ni, torí wọn kì í jẹ ẹyin rárá, ṣe ni wọ́n máa ń tà á.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Á jẹ́ kẹ́ ẹ jẹ nínú ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín sìn. Ẹ bá mi kí bàbá mi àti gbogbo ará ilé, lọ́mọdé lágbà. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ lẹ́tà yìí tán, ẹ lọ sẹ́yìn ilé, ẹ mú ẹyin kan, ẹ sè é, ẹ jókòó jẹ ẹ́. Kẹ́ ẹ ránṣẹ́ sí Ṣadé pé ẹ ti jẹ, kó lè jẹ tirẹ̀ tán.

Èmi ni Bọ́lá, ọmọ yín.