Ràṣídì Fọ́ Sólà Mi

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun alẹ́

Ràṣídì tó ń lọ ata ní òdìkejì títì gun òrùlé mi lónìí, ó fi òòlù fọ́ gíláàsì sólà kan. Ó ní mo ti ba ọjà òun jẹ́. Láti ìgbà tí sólà ti ń gbé ẹ̀rọ ata tèmi, n kì í ra bẹntiróòlù mọ́, mo wá dín owó ata lílọ̀ kù. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo fa àkàbà yọ. Ó já lulẹ̀, orí rẹ̀ fọ́. Mo tún gbé ọmọ odó. Ká ní àwọn ará àdúgbò ò dì mí mú...

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ wọlé, ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ lára ìró. Mo ti múra ìjà. Ó gbé abọ́ ata kalẹ̀.

"Ẹ bá mi lọ̀ ọ́, Ìyá Sìkírá. Bẹntiróòlù ti wọ́n ju ká torí abọ́ kan tan ẹ̀rọ tiwa lọ."