Màmá Ló Ń Wa Ìjàpá Yín Báyìí

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí ènìyàn máa fi ọ̀rọ̀ yípo, torí náà ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́: a ò ta ọkọ̀ yín. Ìjàpá ṣì wà nínú ọgbà wa níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, lábẹ́ igi máńgòrò tí ẹ máa ń gbé e sí. Ewé ṣì ń já lé e lórí, Màmá sì ń gbá a kúrò láràárọ̀. Ẹni tó ń wà á nìkan ló yàtọ̀. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ èyí. Màmá ni.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ máa rín in. Màmá tí wọ́n máa ń di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú bí ẹ bá ti fẹ́ yà ní kọ́nà, tí wọ́n máa ń ké pe Jésù láti Ìjagun títí a ó fi dé ẹnu géètì!

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí a ṣe ìrántí ọdún kan yín tán, tí àlejò ti lọ, Bàbá Ìjagun, àbúrò yín, dúró lẹ́yìn. Mi ò fẹ́ kí ẹ bínú sí wọn. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, wọn ò jẹ́ kí iṣu wọ́n wa nílé, wọn a sì jókòó ti Màmá kí wọ́n tó padà sílé wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ojú fèrèsé ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń wo ọkọ̀.

“Ìyàwó, ọkọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń wà á, ṣe ló máa jẹrà síbẹ̀. Jẹ́ ká wá ẹni tó máa rà á.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi tí mo mọ ọkọ̀ wà, Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń ṣe tíṣà, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ń wálé. Màmá ń bó ẹ̀gúsí, wọn ò gbójú sókè.

“Èmi ni mo máa wà á, ọkọ mi.”

Bàbá Ìjagun wò mí. Èmi náà wo ògiri.

“Ìwọ ta ni?”

“Èmi náà.”

“Ta ló máa kọ́ ẹ?”

Màmá kàn na ẹnu sí ọ̀dọ̀ mi. Bàbá, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè o! Bàbá Ìjagun rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé, nígbà tí wọ́n sì nu ojú wọn tán, wọ́n fi àdéhùn kan lélẹ̀. Bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ bá tó, kí Màmá wa àwọn lọ, kí wọ́n sì wa àwọn bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má gba sitẹ́rìn lọ́wọ́ wọn. Tó bá ṣeé ṣe, àwọn ò ní í dárúkọ títà mọ́. Tí kò bá ṣeé ṣe, kí ọkọ̀ máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa lò ó. Màmá ní àwọn ti gbà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo béèrè lọ́wọ́ Màmá ohun tí wọ́n fẹ́ fi wàhálà yìí ṣe. Wọ́n ní ilé yìí ò fìgbà kan ṣaláìní àlejò, àwọn ọmọ ìjọ, ará ìdílé, ẹni tó wá gba ìmọ̀ràn, ẹni tó wá yá àkàbà. Wọ́n ní, “Inú ọkọ̀ yẹn nìkan ni èmi àti bàbá ẹ ti máa ń dá wà.” Mi ò tún béèrè mọ́. Ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́kàn wọn? Ṣé bó ṣe rí lọ́kàn tiyín náà nìyẹn?

Pápá ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa la ti kọ́ ọ, ní gbogbo Sátidé. Ẹ ò bá wá wò ó. Bí Màmá bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, Ìjàpá á fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́, á sì kú. Wọ́n lé ewúrẹ́ alájọgbé wa dé ìdí òpó gólì. Wọ́n bá ọkọ̀ jà, wọ́n bá a sọ̀rọ̀, wọ́n tún bẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń fara pa mọ́ sẹ́yìn fẹ́ǹsì máa ń pàtẹ́wọ́ nígbàkigbà tí jíà bá wọlé láìhan. Kò pẹ́ tí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí wọn bí gómìnà. Nígbà tí wọ́n fi gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, wọ́n ti ń fi ọwọ́ kan yí sitẹ́rìn, mo sì ní láti bá wọn wí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ táyà gan-an ló mú mi jókòó kọ̀wé yìí. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi gééjì táyà sí àpò àyà bíi bírò, tí ẹ tiẹ̀ gbé e lọ sí ìsìn nígbà kan, tó já bọ́ nígbà àdúrà? Ní àárọ̀ Sátidé, kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, ẹ máa ń wọn afẹ́fẹ́ inú táyà, nítorí pé táyà tó ti gbóná a máa purọ́ fún gééjì. Ẹ máa ń fi igi tín-ín-rín yọ òkúta kúrò láàárín ìlà ojú táyà. Ẹ máa ń kì kọ́bọ̀ bọ inú ìlà náà láti mọ bó ṣe jinlẹ̀ tó. Èmi lẹ máa ń pè kí n wá kọ́ ọ. Màmá a jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọn a máa bó ẹ̀gúsí tiwọn.

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan, mo jáde láàárọ̀ láti lọ wo táyà, àfi bí mo ṣe bá Màmá níbẹ̀ tí wọ́n ti kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, gééjì yín lọ́wọ́ wọn.

“Afẹ́fẹ́ tiwájú gbọ́dọ̀ kéré sí tẹ̀yìn,” wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láìwẹ̀yìn. “Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, ẹ̀yìn ló ń ru ẹrù. Méjì tẹ̀yìn yìí ò dára mọ́. Wò ó, etí wọn ti jẹ ju àárín lọ. A ti fi àìtó afẹ́fẹ́ lò wọ́n.”

“Màmá, níbo lẹ ti kọ́ èyí?”

“Ìwọ ni bàbá ẹ ń kọ́. Èmi ni mo ń gbọ́.”

Bàbá, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo ọdún yẹn! Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́? Àbí torí wọn lẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ fi ń ṣàlàyé ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì?

A jọ lọ ra táyà ní ọ̀nà Ìbàdàn. Tuntun ti di ohun àwárí látìgbà tí owó náírà ti wálẹ̀, àlòkù òkè òkun ni gbogbo àwọn tó ń ta táyà ń tò sójú títì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á yí méjì jáde, ó ti fi nǹkan dúdú kùn wọ́n, wọ́n ń dán bíi bàtà ọjọ́ Ìsinmi.

“Màmá, èyí máa gbé yín dé Sókótó!”

Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n ka ẹ̀gbẹ́ táyà bí ẹni ń ka Bíbélì. Ti ọkọ̀ wa ni 155 SR 15. Ti ọmọ náà parí sí 14.

“Ọkọ mi, rímù tiwa, irin tí táyà máa jókòó lé, fẹ̀ ju èyí lọ.”

“Ìkan náà ni, Mà. Tá a bá fi òòlù lù ú, á wọlé.”

“Ṣé ìwọ lo máa wà nínú ọkọ̀ tí táyà bá yọ?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó lọ mú òmíràn wá. Nọ́ńbà èyí pé, ṣùgbọ́n Màmá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì rí i tó sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n ní oòrùn ti jẹ ẹ́. Ìgbà kẹta ló tó mú èyí tó dára wá, ó sì jókòó tì wọ́n, ó ní kí wọ́n ka ìyókù fún òun. Wọ́n kà á: 155, bó ṣe fẹ̀ tó, S, bó ṣe lè sáré tó, R, bí wọ́n ṣe hun inú rẹ̀, 15, rímù tó máa gbà á. Wọ́n tún fi ẹ̀fẹ̀ yín kún un, pé S lè sá ọgọ́sàn-án kìlómítà ní wákàtí kan, pé ọkọ àwọn ò sì jẹ́ kó kọjá ọgọ́ta rí, pé táyà yẹn ló kú láìmọ agbára ara rẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n nu ojú mi.

Ọjọ́ ìkórè wá pé. Bàbá Ìjagun dé pẹ̀lú agbádá funfun, fìlà, àti agboòrùn ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ irin. Wọ́n jókòó síwájú, èmi wà lẹ́yìn. Màmá gbàdúrà kúkúrú, a sì gbéra. Ìwàkọ̀ wọn dùn. A ti kọjá Ìmùṣin nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe òjò kékeré. Wáípà ń lọ, ó ń bọ̀. Lójijì ó dúró gbagidi sáàárín gíláàsì, a ò rí ọ̀nà mọ́.

Mo fẹ́ kígbe. Màmá ò kígbe. Wọ́n fẹsẹ̀ rọra tẹ búréèkì, wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n fa búréèkì ọwọ́. Wọ́n tẹ fèrè ọkọ̀ wò, kò dún.

“Ó ti kú,” ni Bàbá Ìjagun wí, ohùn wọn sì ti ń dùn jù fún mi.

“Kò kú, ọkọ mi. Fíúsì ló jó.”

Wọ́n pa iná ọkọ̀, wọ́n ṣí ìdérí kékeré tó bo àwọn fíúsì lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n fa ọ̀kan yọ. Irin tín-ín-rín ara rẹ̀ ti já. Wọ́n mú agolo ìpara mẹ́ńtólẹ́ẹ̀tù kan jáde nínú báàgì, fíúsì méjì tó jọ ọ́ wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀kan sí i, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Wáípà mira lẹ́ẹ̀kan, ó tún dúró. Èyí náà ti jó.

Bàbá Ìjagun mú páálí sìgá wọn jáde, wọ́n fa bébà fàdákà inú rẹ̀ ya. “Fi èyí wé e. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìjagun nìyẹn, ká tètè débẹ̀.”

“Rárá o. Fíúsì ló kú kí wáyà má baà jó. Tá a bá fi bébà dí i, wáyà ló kàn, lẹ́yìn wáyà, ọkọ̀, lẹ́yìn ọkọ̀, àwa.”

Ó ku ẹyọ kan. Ọwọ́ mi ti wà lára àga iwájú, mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó. Màmá wò mí nínú dígí, mo gbé ọwọ́ mi sórí itan mi. Kò rọrùn o, Bàbá. Òjò ń lu òrùlé, Màmá sì di fíúsì tó kù mú, wọn ò fi í sí i. Wọ́n ń ronú. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹrí ba sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀, títí wọ́n fi dé ibi eékún Bàbá Ìjagun.

Agboòrùn ni. Kí irin rẹ̀ má baà fa agbádá ya, Bàbá Ìjagun ti dorí rẹ̀ kodò sáàárín ẹsẹ̀, wọ́n sì ti ẹnu irin rẹ̀ wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó lọ há sáàárín àwọn wáyà ẹ̀yìn fíúsì. Màmá rọra fà á yọ.

“Ọkọ mi, ẹ bá mi di agboòrùn yín mú lọ́wọ́.”

Ohun tí wọ́n sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi fíúsì tó kù sí i, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, wáípà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Màmá tẹ fèrè, ó dún pìì-pìì-pìì nínú òjò. Bàbá Ìjagun wo agboòrùn, wọ́n wo wáípà, wọ́n tún wo agboòrùn.

“Ìyàwó! Àṣé èmi gan-an ni mo fẹ́ pa ọkọ̀!”

Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́nu wọn mi Ìjàpá tìtì. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, a sì pẹ́ díẹ̀, a bá wọn nídìí orin kejì. Nígbà tí à ń padà bọ̀, Bàbá Ìjagun sùn, wọ́n ń hanrun, ẹnu wọn là sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Àárọ̀ òní ni wọ́n tún dé, aṣọ mímọ́ lára wọn, wọn ò mú agboòrùn dání. Wọ́n ní àwọn kàn yà kí wa ni. Nígbà tí wọ́n kí wa tán, wọ́n lọ jókòó sínú ọkọ̀. Màmá bi wọ́n pé níbo là ń lọ. Wọ́n ní ibikíbi tí Màmá bá ń lọ. Ni àwọn méjèèjì bá gbéra, kò sẹ́ni tó rántí pè mí. Mo jẹ iṣu tó kù, mo jókòó sí tábìlì yín, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Ó ti ń pẹ́ o. Mo ń gbọ́ ìró ọkọ̀ kan bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, ìró yẹn tí kò jọ ti ọkọ̀ mìíràn. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, etí mi gbà pé ẹ̀yin lẹ ń bọ̀. Kò dùn mí bíi ti tẹ́lẹ̀. Màmá ni, wọ́n sì ti ń fun fèrè. Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣí géètì.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ìfẹ́ tí kò dín kù,
Ọmọ yín obìnrin.