Àwọn Tó Pàgọ́ Aṣọ sí Etí Ọ̀fìkì

Irawo, 1978

Àpọ́nlé ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ jí, kó máa bá ọ sùn ní Èkó tó o wà. Ara wa le, ìyá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, iṣu sì ta dáadáa. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, n kò jẹ́ kí tíṣà bá mi kọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó gba ìfura ni.

Tọkọtìyàwó kan wá láti Èkó, Olúfẹ́mi lorúkọ ọkọ, Àrínọlá lorúkọ ìyàwó. Wọ́n gbé bọ́ọ̀sì kékeré kan wọ oko wa, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí àwọn pàgọ́ sí etí odò Ọ̀fìkì. Mo bi wọ́n pé ta ló lé wọn nílé. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lé àwọn, pé ìsinmi làwọn gbà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn kàn ń rọra wo àwọn ìlú àtijọ́ àti odò wọn ni, àwọn ti dé Ìgbòho, àwọn ti dé Ṣakí, ibi tó bá wu àwọn làwọn ń sùn. Ọmọ mi, ẹni tó nílé tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó wá ń sùn nínú ilé aṣọ, ṣé kò lóhun tó ń sá fún?

Mo gbà fún wọn kí n lè máa ṣọ́ wọn. Wọn ò ṣiṣẹ́ kankan, wọ́n á kàn jókòó sórí àga tó ṣeé ká bí aṣọ, wọ́n á máa wo omi. Wọ́n tún ní ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n ya odò wa sí. Odò tí èèyàn bá ti yà sínú ìwé, ó fẹ́ tà á nìyẹn. Ìyàwó wá ń bi mí níbi tí àwọn baba wa gbà sọdá nígbà ogun, mo ní mi ò mọ̀. Bí mo ṣe gbọ́ pé ọ̀la ni wọ́n máa lọ, mo yọ́ lọ sídìí bọ́ọ̀sì, mo tú afẹ́fẹ́ táyà kan dànù, kí wọ́n má baà lọ kí n tó sọ fún ọba.

Kò pẹ́ ni Ràmọ́nì àbúrò rẹ sáré dé, ó ní Sàfúrátù ìyàwó òun ti ń rọbí láti àárọ̀, ọmọ ò wá, agbẹ̀bí ní ká máa gbé e lọ sí ọsibítù ní Ṣakí. Kò sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí àfi èyí tí mo tú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí, mo jẹ́wọ́. Olúfẹ́mi wo táyà, ó wò mí, kò bú mi, ó ní kí n bá òun di irin mú. Ó pààrọ̀ táyà, Àrínọlá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn fún Sàfúrátù, a gbéra. Ní gbogbo kòtò ọ̀nà yẹn ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má tìtorí ìwà mi gba ọmọ-ọmọ mi.

Sàfúrátù bí ọkùnrin, tìyá tọmọ yè. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: nọ́ọ̀sì bi Olúfẹ́mi pé kí ló jẹ́ sí aboyún, ó ní ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lòun! Àpọ́nlé, ẹni tó sọ ara rẹ̀ di ọmọ mi lójú ìjọba, ṣé kì í ṣe ogún ló ń wá? Síbẹ̀, nígbà tí a padà, mo mú wọn lọ síbi tí ìyá bàbá mi gbà sọdá nígbà ogun. Àrínọlá bọ́ bàtà, ó dúró, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti kìlọ̀ fún Ràmọ́nì pé kó má dáko sétí odò yẹn, kí wọ́n lè ríbi pàgọ́, kí èmi náà lè ríbi ṣọ́ wọn.

Fi owó àgbò àti ìrẹsì ìsọmọlórúkọ ránṣẹ́ kíákíá, kó o sì fi ti bàtà mi lé e. Bá mi wádìí irú ẹni tí Olúfẹ́mi jẹ́ ní Èkó, torí Ràmọ́nì ti fárígá, ó ní orúkọ rẹ̀ lòun máa fún ọmọ, èmi náà ò sì rí ẹnu sọ pé rárá. Ọlọ́run á fi ẹni rere pàdé rẹ lọ́nà, kódà tó o bá ń fura sí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàlàkọ́