Ẹnu Igi Tí Mo Gbẹ́ fún Ẹ̀rọ Kọfí

Lálúpọn, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹjọ, 1964

Ojú ń tì mí.

Délé tí mo kọ́ níwèé, tó ra ẹ̀rọ kọfí tí à ń fi ọwọ́ fà bọ̀ fún mi láti Ítálì, wá kí mi lónìí. Mo ti rọ ọwọ́ idẹ sí i. Igi dóńgóyárò ni mo fi gbẹ́ ẹnu tí kọfí ń gbà jáde, torí kòkòrò kì í jẹ ẹ́. Mo ṣàlàyé bí ẹni ń wàásù.

Ó mu ife kan tán.

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa gan-an, Tíṣà."

Mo bu òmíràn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ìgbà tó lọ ni mo tọ́ ọ wò. Ó korò ju àgbo ibà lọ!

Ìyàwó mi ní, "Ẹ ò rí omi lójú ọmọ yẹn ni?"

Èmi náà ni mo nà án ní kíláàsì, pé ọmọ tó bá ṣẹ́ oúnjẹ tí àgbà fún un kù kò lẹ́kọ̀ọ́.