Ìràwọ̀ Tí Ń Lo Oògùn Ojú

Yàrá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
Ọjọ́ Àìkú, lọ́wọ́ ọ̀sán.

Ọmọbìnrin mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Mo lérò pé ara rẹ dá ṣáṣá, pé ọkọ rẹ ń jí ire, àti pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí o yàn láàyò kò tíì gba oorun ojú rẹ tán. Èmi náà ń mí, mo sì dúpẹ́. Kí o tó tẹ̀síwájú nínú ìwé yìí, jọ̀wọ́ padà yẹ àpò rẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni n ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, n ó sì fi gègé fa ìlà kan kọjá ibi tí ẹnu rẹ̀ ti pàdé. Bí ìlà náà kò bá ṣe déédéé, a jẹ́ pé ẹnìkan ti ṣí i lọ́nà. Má pariwo. Ṣáà kọ orúkọ ẹni tó fi í lé ọ lọ́wọ́ sílẹ̀. Ìfura loògùn àgbà.

Ọ̀rọ̀ ojú mi ni mo fẹ́ bá ọ sọ, àti ti iṣẹ́ tí ojú náà ti bá mi ṣe láti ọdún mọ́kànlélógójì. O mọ̀ pé lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ilé ìkàwé yunifásítì ṣì fi mí sílẹ̀ nínú yàrá ìránwé lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, nítorí pé wọn kò rí ẹlòmíràn tó lè fi ọwọ́ rán ìwé. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ojú mi ń ṣe bàìbàì, ìjókòó mi níbẹ̀ ti parí nìyẹn. Síbẹ̀, kì í ṣe àìríṣẹ́ṣe ni mo bẹ̀rù jù. Ẹnu ayé ni. Mo ti ń gbọ́ ohun tí wọn yóò wí kí wọ́n tó wí i: “Ẹ wo Bàbá Aránwé, tí kò kàwé dé ìwé mẹ́fà, tó ń ṣe bí ọ̀mọ̀wé. Ìwé tí kò kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ ti fọ́ ọ lójú.”

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n kó ìwé ìwádìí tuntun mẹ́ta wá fún mi láti rán: ti ìṣègùn, ti ìràwọ̀, àti ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò. Ní ìdì kéékèèké ni wọ́n máa ń wá. A ó kó ti ọdún kan jọ, a ó sì rán an di odidi ìwé kan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba ní gígùn àti ní fífẹ̀, bébà wọn sì jọra bí ọmọ ìyá, nítorí pé ilé ìtẹ̀wé kan náà ló tẹ̀ wọ́n. O mọ òfin mi: ewé kan kò gbọdọ̀ bọ́ sábẹ́ abẹ́rẹ́ mi láìjẹ́ pé mo ti kà á. Ohun tí àwọn mìíràn jókòó sí kíláàsì kọ́, ìdí abẹ́rẹ́ ni mo ti kọ́ ọ.

Nínú ti ìṣègùn, àwọn dókítà kan ṣe ìwádìí lórí àwọn àgbàlagbà tí àwọ̀n funfun ń bo ẹyinjú wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní púpọ̀ nínú wọn a máa fi í pamọ́ fún ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní kí irú wọn tó gbà pé ojú ni, wọn yóò ti sọ pé iná kò mọ́lẹ̀, pé àwọn òǹtẹ̀wé òde òní ń bu omi la íńkì, pé ẹnìkan ti pààrọ̀ ìgò ojú wọn. Àpẹẹrẹ kan tiẹ̀ wà níbẹ̀, aláìsàn kẹtàdínlógún, ọkùnrin arúgbó kan tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, tó ń fẹ̀sùn kan ọ̀gá rẹ̀ nítorí gílóòbù. Ọmọ mi, ta ló lọ sọ fún wọn?

Nítorí pé lóòótọ́ ni ẹnìkan pààrọ̀ gílóòbù orí tábìlì mi. Olórí ilé ìkàwé wa ni, obìnrin kan tí kò ju ẹ̀gbọ́n rẹ lọ, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹ-Rọra, nítorí pé “Ẹ rọra” ni kíkí rẹ̀, òun náà sì ni ìdágbére rẹ̀. Lọ́jú tèmi, gílóòbù tuntun náà kò mọ́lẹ̀ tó àbẹ́là. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi àgádágodo sí kọ́bọ́ọ̀dù igun yàrá wa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Bí òun àti Alágọ́ọ̀mù, ẹni tó ń lẹ èèpo ìwé, bá ń sọ̀rọ̀ tí mo wọlé, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Mo ro ó títí, mo ní wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ wá gba ipò mi, wọ́n sì ń wá ẹ̀rí tí wọn yóò fi lé mi.

Mo ní láti jẹ́wọ́ pé mo fura sí ìwọ náà. Nígbà tí o wá kẹ́yìn, o ní, “Bàbá mi, ẹ bá mi fi òwú sí abẹ́rẹ́ yìí.” Kì í ṣe abẹ́rẹ́ lò ń wò nígbà náà, ojú mi lò ń wò. Bí o ti kúrò nílé ni mo ti ní ìwọ lo kọ̀wé sí obìnrin yẹn.

Bí mo ti wà nínú ìrònú yìí ni mo gbé ìwé ìràwọ̀. Àwọn onímọ̀ kan ṣàkíyèsí ìràwọ̀ ńlá kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dínkù. Àwọn kan ti kéde pé ó fẹ́ kú. Àwọn mìíràn fara balẹ̀ wò ó títí, wọ́n sì rí i pé kò sí ohun tó ṣe ìràwọ̀. Eruku ló dí àárín òun àti àwa tí ń wò ó. Inú mi dùn. Mo ní, ẹ̀rí mi rèé, nǹkan kan ló wà láàárín èmi àti ìwé, ẹnìkan ló sì gbé e síbẹ̀. Ti ìjìnlẹ̀ èrò ló wá bí mi nínú. Obìnrin onímọ̀ kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀, ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún wa, títí kan ọjọ́ tí a bí wa. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun kò ní gba ẹnikẹ́ni gbọ́ kò di ọlọ́gbọ́n. Ó kàn da èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ rẹ̀ nù ni. Mo ní obìnrin yìí kò tíì bá àwọn ará yàrá ìránwé wa ṣiṣẹ́ rí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, olùkọ́ tó ń kọ́ni nípa ìràwọ̀ gbé ìwé tí mo rán wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Bàbá Aránwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi. Ìràwọ̀ wo ló ń kán oògùn sójú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́?” Ó ṣí ìwé náà láàárín, ó sì kà á sókè. Lóòótọ́, ewé mẹ́rin nínú ìwé ìṣègùn ló jókòó sáàárín ọ̀run. Alágọ́ọ̀mù ní, “Ọ̀gá, ẹ bi òṣùpá. Òun ni nọ́ọ̀sì wọn níbẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín títí búrọ́ọ̀ṣì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo dìde. Mo ní, “Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ọ̀tá nìyí. Ẹnìkan ló tú ìwé mi tó sì tún un rán, kí ó lè dójú tì mí.” Mo rán wọn létí pé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi kókó òwú kan lé mi lọ́wọ́: a ó yí i sí òsì lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì fi ìrù òwú pamọ́ sábẹ́ ojú abẹ́rẹ́ kẹta, ihò kẹta tí abẹ́rẹ́ lu. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ta nílé náà. Mo ní, “N ó la ẹ̀yìn ìwé yìí níṣojú gbogbo yín. Bí kókó ibẹ̀ kò bá jẹ́ tèmi, ẹ ó wá sọ ẹni tó ta á.” Ariwo mi ló gbé Ìyá Ẹ-Rọra wọlé. Ó ní, “Bàbá, ẹ rọra. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ má là á níwájú èrò.” Mo ní nínú ara mi pé, ọ̀daràn rèé, àyà rẹ̀ ti já. Mo sì fi ọ̀bẹ là á.

Ojú mi kò rí kókó náà. Ìka ni mo fi wá a. Ó yí sí òsì lẹ́ẹ̀mejì. Ìrù òwú wà lábẹ́ ojú abẹ́rẹ́ kẹta. Mo tún fọwọ́ kàn án, bóyá ìka mi náà ti bá àwọn ọ̀tá lẹ̀dí àpò pọ̀. Kókó mi ni, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ló ta á.

Olùkọ́ náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Bàbá, ewé mẹ́rin péré ni,” ó sì rọra jáde. Ìyá Ẹ-Rọra bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì kó ìwé márùn-ún síwájú mi. Ìwé tí mo rán ni gbogbo wọn, àmọ́ ẹlòmíràn ti tú wọn, ó sì ti tún wọn rán. Mo fi ìka wá ẹ̀yìn wọn. Kókó ńláńlá, bí èso ẹ̀wà, tó ń gbìyànjú láti yí sí òsì bíi tèmi. Ó ní, “Oṣù méje nìyí, Bàbá. Lọ́jọ́ tí ẹ kì í bá wá ni mo máa ń tún wọn ṣe. Ọwọ́ mi kò gún, ẹ má bínú. Mo tì wọ́n mọ́bí kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn kó máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.” Mo bi í ní ìbéèrè tó ti ń jẹ mí lọ́kàn: “Ta ló sọ fún ọ?” Ó ní, “Ẹ̀yin náà ni. Láti oṣù méje ni ẹ ti ń kí mi lẹ́nu ọ̀nà pé, ‘Ẹ káàárọ̀, sà.’”

Alágọ́ọ̀mù náà kò dákẹ́. Ó ní, “Gílóòbù tí ẹ ní kò mọ́lẹ̀ yẹn, ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ rò pé oge ni mo ń ṣe tí mo fi ń dé fìlà nínú ilé? Iná yín ni mo ń sá fún!”

Ohun kan wà tí n kò sọ fún wọn, ìwọ nìkan ni n ó sọ ọ́ fún. Ewé mẹ́rin yẹn, n kò kà wọ́n. Lẹ́tà wọn kéré, wọ́n ń jó níwájú mi, ni mo bá fi wọ́n sábẹ́ abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógójì, mo rú òfin mi. Nígbà tí ara mi balẹ̀, Ìyá Ẹ-Rọra jókòó tì mí, ó sì kà wọ́n sí mi létí. Apá ibi tí àwọn dókítà ti sọ̀rọ̀ ìwòsàn ni. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ náà kì í gbà tó ìdajì wákàtí, oògùn tí a ń kán lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ló sì ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ní aláìsàn kẹtàdínlógún ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí mo ka ìwé náà dé, mo fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀ nínú òkùnkùn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, bá mi wá dókítà ojú níbi tí o wà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mí. Ìyá Ẹ-Rọra ní òun yóò ti yàrá ìránwé pa títí n ó fi dé, òun yóò sì sọ pé Bàbá lọ kí ọmọ rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Alágọ́ọ̀mù ni n kò tíì fọkàn tán pátápátá. Ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù. Dárí jì mí nítorí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi kò sunkún, n kò sì ríran.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú rẹ ríbi. Ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú ọmọ ẹlòmíràn kò ní wá olùtọ́jú tì. Ilé rẹ yóò tòrò, ẹni tí o bá fọkàn tán kò ní já ọ kulẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó fura sí ọ, tó sì fẹ́ràn rẹ,

Aránwé.

Àfikún: N kò fa ìlà orí àpò ìwé mọ́. Mo gbìyànjú, ẹnu méjèèjì kò bára mu. Mo fi nọ́ńbà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí o bá rí i pé ìkẹrin ṣáájú ìkẹta, má bi ẹnikẹ́ni léèrè, má sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí i lọ́nà. Èmi ni.