Ìjókòó Pupa Inú Ọkọ̀ Orí Àtẹ́lẹwọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibí tutù débi pé àyà ẹni lè lẹ̀ mọ́ ọn. Màámi, mo kí yín, ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú àdúrà. Bọ́lánlé, àbúrò mi, mo kí ìwọ náà. Gbogbo ará ilé wa ní Aládé, n'Ídànrè, àtàgbà àtọmọdé, mo kí yín o.

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló dé tí mo fi gba inú ìwé ìròyìn kọ lẹ́tà sí yín nígbà tí fóònù wà. Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí àwa ọmọ bá sọ, ẹ ó ní ẹ ti gbọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, ẹ kì í jà á níyàn. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, mi ò fẹ́ kó bọ́ sílẹ̀.

Ara mi le dáadáa. Ilé ìkẹ́rùsí oúnjẹ nílùú Winnipeg ni mo ṣì wà, níbi tí mo ti ń wa ọkọ̀ kékeré tó ń gbé páálí sókè sódò. Owó tó ń wọlé ń tó mi jẹ, díẹ̀ sì ń ṣẹ́kù tí mo fi ń ránṣẹ́ sílé, ẹ bá mi dúpẹ́. Yìnyín ti bo ìta. Èyí kò dà mí láàmú mọ́, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ lé aṣọ. Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà sílé ni ìdákẹ́jẹ́. Níbí, èèyàn lè fi ògiri kan ṣoṣo pààlà pẹ̀lú ẹlòmíràn kó má mọ orúkọ rẹ̀. Tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, mo máa ń tan rédíò kalẹ̀ kí n ṣáà lè gbóhùn èèyàn.

Bàbá àgbàlagbà kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, Fráǹkì lorúkọ rẹ̀, ló kíyè sí mi. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó mú mi lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo bá àwọn àgbàlagbà tó ti hewú níbẹ̀, wọ́n tẹrí ba sórí tábìlì, wọ́n ń to mọ́tò kéékèèké. Mo rò pé àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ń tò ó fún. Àṣé àwọn fúnra wọn ni. Màámi, mo mọ̀ pé nígbà tẹ́ ẹ gbọ́ pé ọmọkùnrin yín tó ti tó gbéyàwó jókòó sókè òkun tó ń to mọ́tò ọmọdé, aṣọ funfun lẹ wọ̀ lọ sọ́dọ̀ wòlíì, tẹ́ ẹ sì gbààwẹ̀ lé mi lórí. Ẹ ṣeun. Ọwọ́ ayé kò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí eré náà ṣe rí. Wọ́n máa ń ra páálí kan tí gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ wà nínú rẹ̀ ní wẹ́wẹ́, ike ni gbogbo wọn, wọ́n á wá máa lẹ̀ wọ́n pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí mo rà ni wọ́n ń pè ní họ́ọ̀tì-rọ́ọ̀dù, ìyẹn mọ́tò ayé àtijọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ibí máa ń yọ mọ́dígáàdì rẹ̀ kúrò, tí wọ́n á ki ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù ú lọ sí i nínú kó lè máa sáré àsápajúdé. Tèmi kò ju ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ọkọ̀ gidi lọ, orí àtẹ́lẹwọ́ ló ń jókòó sí.

Àwọn tá a jọ ń to mọ́tò ń pa ara wọn lórí ẹ́ńjìnnì àti ọ̀dà. Èmi, inú ọkọ̀ lojú mi lọ. Ọmọ ẹni tó ń rán ìjókòó mọ́tò, kí ni ì bá tún máa wò? Mo fi òwú tí mo gé lúbúlúbú wọ́n orí gọ́ọ̀mù tútù, ó di kápẹ́ẹ̀tì. Mo fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe sítíárì. Mo lẹ àwòrán Òkè Ìdànrè tí kò tó èékánná mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí mọ́tò tí kò ní nǹkan kan lára dáṣíbọ́ọ̀dù kò tíì ní ẹni tó ni ín. Ìjókòó ló wá kù tó ń fojú mi rí màbo. Èyí tó bá páálí wá, ike gbígbẹ tí wọ́n fa ìlà sí lára lásán ni. Mo yọ ọ́ jù nù. Mo dán aṣọ wò, ó nípọn jù. Mo dán bébà wò, ó ya. Mo wá ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n bá mi ṣa àgékù lẹ́dà pupa yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù yín, èyí tó fẹ́lẹ́, ẹnì kan tó wálé ọdún sì bá mi mú un bọ̀. Nígbà tí ẹrù náà tẹ̀ mí lọ́wọ́, wàhálà ìjókòó parí. Bó ṣe parí, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ọjọ́ tá a kó mọ́tò wa jáde kí aráàlú wá wò ó, gbogbo èèyàn fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sójú wọn. Mo ti fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bo ìjókòó tèmi, mo lẹ̀ ẹ́ lábẹ́ pinpin, nítorí mọ́tò tuntun ni. Nílé wa, ta ló ń ya ọ̀rá ìjókòó mọ́tò tuntun? Ẹ rántí oníṣòwò kòkó yẹn tẹ́ ẹ rán ìjókòó fún, tí ọ̀rá ń lẹ̀ mọ́ ọn nídìí nínú oòrùn, tí kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Fráǹkì dé, ó wo ọkọ̀ mi, ó rọra sọ sí mi létí pé mo gbàgbé láti ya ọ̀rá tí wọ́n fi di ẹrù kúrò. Mo ní mi ò gbàgbé, bá a ṣe ń tọ́jú nǹkan tuntun nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì pe àwọn yòókù wá gbọ́. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n ṣáà ṣí i díẹ̀ kóun rí abẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ya ọ̀rá náà. Ojú abẹ́rẹ́ tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan kò ga ju ìkejì lọ. Fráǹkì béèrè ẹni tó rán an, mo kàn rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti ya fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù Màámi.

Bàbá, ẹ rántí ọjọ́ náà. Ẹ ní kí wọ́n fẹ àwòrán náà, kí wọ́n tún fẹ̀ ẹ́ sí i. Nígbà tí mo pè, ẹ kò bi mí ní nǹkan kan nípa mọ́tò, ẹ ní ta ló rán ìjókòó yẹn. Mo ní ẹnì kan tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni. Ẹ ní irọ́ ni mò ń pa, pé ẹni tó lè yí igun ìjókòó láìjẹ́ kí lẹ́dà ká jọ ti kúrò ní ọmọṣẹ́. Ẹ wá sọ pé ká ní onítọ̀hún wà nítòsí, òun lẹ̀ bá gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ wá máa ta fóònù níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Láti ìgbà tí ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n tẹ́ ẹ sì gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, Màámi ní ẹ máa ń lọ ṣí i láàárọ̀, ẹ ó jókòó, ẹ ó tún tì í. Ẹ ti gbà pé tí wọ́n bá kó kòkó ọdún yìí tán, ẹ ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tó ń ta fóònù yẹn. Bọ́lánlé bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ jẹ́ kóun gba iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ kọ̀. Ẹ ní àwọn awakọ̀ tó ń kó kòkó gba ọ̀nà Ofosu kọjá kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ obìnrin sọ̀rọ̀, ẹ kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí ọmọ yín fín. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé àga yín sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò rí i fín níṣojú yín? Awakọ̀ tí kò bá sì ṣọ́ ẹnu rẹ̀, kó máa jókòó lórí fóòmù tó ti ya títí tí yóò fi gbọ́n.

Bàbá, èmi kọ́ ni mo rán ìjókòó yẹn, òyìnbó kankan kò sì rán an. Inú ẹrù tó ti ilé wá ni mo ti bá a, wọ́n ti rán an parí, wọ́n fi bébà wé e. Bọ́lánlé ni. Ìwọ̀n tí mo fi ránṣẹ́ sí i ló fi gé e. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ rò pé oúnjẹ ló wá gbé fún yín ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ yín ló ń wò. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ, ó fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí iṣẹ́ náà kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó ṣe é. Mo ti bá a pa á mọ́ tó.

Ẹ bá mi kí àwọn ará ìjọ, ẹ kí àwọn aládùúgbò, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ, ilé wa kò ní dahoro. Màámi, ẹ máa gbàdúrà lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹun.

Bàbá, mo mọ̀ pé ojú yín kò gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, Bọ́lánlé ló ń ka ìwé ìròyìn yìí fún yín. Tó bá ti dákẹ́ níbi tí mo ti sọ pé òun ló rán ìjókòó náà, ẹ má ní kó tún un kà. Ẹ kàn gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń fìfẹ́ rántí yín,
Akínṣọlá