Ọwọ́ Tó Ṣí Ilẹ̀kùn Yàrá Ẹ̀yìn

Ọdún márùn-ún rèé tí ẹ lọ, Bọ̀ọ̀dá Jẹ́-ó-máa-yí. Ọdún márùn-ún gbáko!

Ọmọ yín ọkùnrin ti ga ju férémù ilẹ̀kùn lọ, àfi kó tẹrí ba kó tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti di nọ́ọ̀sì. Ìyàwó yín ti parí òrùlé tí ẹ fi sílẹ̀ ní ìdajì, ó kun ilé náà lọ́dà, ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ kò sì tíì kógbá wọlé. Gbogbo nǹkan ló ń lọ síwájú nínú ilé yìí, àfi yàrá kan.

Ẹ̀yin náà lẹ ṣe òfin. Ẹ ní ibi tí a bá ti ń ya fíìmù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun títí a ó fi ya èyí tó kẹ́yìn níbẹ̀. Àwòrán àná àti tòní la máa rán pọ̀ bí aṣọ. Bí ife bá fò láti apá òsì sí apá ọ̀tún láàárín ọ̀rọ̀, òǹwòran kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, ife ni yóò máa wò. Ẹ fi ọwọ́ ara yín dá aago ara ògiri dúró ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi téèpù pupa sàmì sí ẹsẹ̀ àga kọ̀ọ̀kan nílẹ̀. Àwa ará ilé gbà, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ ní ká fi yàrá ẹ̀yìn yá yín.

Ó ku ìran kan ṣoṣo tí ẹ fi kú.

Àbúrò yín obìnrin, tó ń bá yín gé àwòrán, tó sì ń so ó pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ló gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà. Ọjọ́ kẹrin tí àìsàn dá yín gúnlẹ̀ ló di ọwọ́ yín mú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo máa parí ẹ̀." Ẹ mi orí. Orí tí ẹ mi yẹn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ń ka ìrántí yìí tí kò mọ̀ yín, kó gbọ́. Ilẹ̀ ni ẹ ń gbá ní ilé ìyàwòrán kan. Kò sẹ́ni tó kọ́ yín níṣẹ́. Ẹ tú kámẹ́rà kan tó ti bàjẹ́ sórí aṣọ funfun, ẹ tò ó pa dà, nọ́ọ̀tì kékeré méjì inú rẹ̀ ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́, kámẹ́rà sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ ní èènì ni méjì yẹn!

Ìpolówó ọṣẹ ló gbé yín jáde. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá péré! Ẹ rí i pé ìfófó ọṣẹ kì í pẹ́ kú lábẹ́ iná kámẹ́rà, ẹ bá po funfun ẹyin mọ́ ọn, ẹ lù ú, ó dúró bí òwú. Èéfín tó ń jáde lórí ife tíì inú ìpolówó yín tó gbajúmọ̀ jù, òwú tí ẹ rẹ sómi ni, tí ẹ gbé gbóná tí ẹ sì fi pamọ́ sẹ́yìn ife. Nígbà tí àwọn olórin bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín, ẹ kọ́ wọn ní ti fídíò: ẹ ó jẹ́ kí orin sáré ní ìlọ́po méjì, olórin á máa kọ ọ́ wàìwàì bí ẹni tí ajá ń lé. Tí ẹ bá wá dẹ eré àwòrán náà kó máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹnu á bá orin mu régí, ṣùgbọ́n aṣọ àti irun á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ẹni tó wà lábẹ́ omi.

Ibẹ̀ ni orúkọ yín ti wá. Ẹ ṣàkíyèsí pé tí ẹ bá ti pariwo "Ó tó!", ojú olórin á rọ̀, ojú tó sì máa ṣe nígbà yẹn ló jẹ́ ojú rẹ̀ gan-an. Lẹ bá sọ fún oníkámẹ́rà yín pé, "Mo lè ní ó tó o. Ìwọ jẹ́ ó máa yí."

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó sọ yín dèèyàn ti há yín mọ́. A rí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, níbi tí a ti ń jẹun, ẹ gbé ife tíì sílẹ̀, ẹ ní, "Ogún ọdún ni mo fi ń ta ọṣẹ. Mo mọ bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Mi ò mọ ohun tó máa ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀." Àwọn oníṣẹ́ ìpolówó fi yín rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Fíìmù wákàtí méjì kẹ̀? Ìwọ tí kì í kí èèyàn kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá!" Ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ kò sì gba iṣẹ́ ìpolówó mọ́.

Fíìmù náà kò lọ́jú pọ̀. Obìnrin kan tí bàbá rẹ̀ kú, tí kò jáde kúrò nínú yàrá fún ọdún kan, títí ọjọ́ tó jáde. Àṣà ìpolówó kò tíì kúrò lára yín: àwòrán ọjà tó máa ń kẹ́yìn ìpolówó, ẹ máa ń kọ́kọ́ yà á ni, nígbà tí ara gbogbo èèyàn ṣì le. Nítorí náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ ya ìparí fíìmù, obìnrin náà lójú ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, oòrùn ń yọ. Ẹ wá wọ yàrá ẹ̀yìn, ẹ ya gbogbo ìyókù. Ó ku kó ṣí ilẹ̀kùn. Òjò rọ̀, pákó ilẹ̀kùn wú, ó ń wọ́lẹ̀. Ẹ ní, "Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ọjọ́bọ̀ la ó yà á." Ọjọ́bọ̀ dé. Ẹ kò sí mọ́!

Báyìí ni obìnrin kan ṣe wà nínú yàrá, tó tún wà lójú ọ̀nà, tí kò sì sí bó ṣe débẹ̀. Àbúrò yín so méjèèjì pọ̀ tààrà, ó dà bíi pé iwin ló gbé e. Ó ya ilẹ̀kùn míì, ó rí bí eyín ẹlòmíì lẹ́nu ẹni. Ó ránṣẹ́ pe òṣèré tó ṣe obìnrin náà. Ó wá, ìbejì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ẹ wo ìdí mi. Tí èmi yìí bá gba ilẹ̀kùn yẹn jáde, wọ́n á béèrè ohun tó ń jẹ nínú yàrá." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tó lọ tán, omi ojú ti àbúrò yín kò dá.

Ó mọ iye ìgbà tí obìnrin inú fíìmù yẹn ṣẹ́jú. Kò mọ orúkọ aládùúgbò tó kó wá sí òdìkejì ọ̀nà láti ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá fún un, ó kọ̀ ọ́. Ọmọ yín ọkùnrin ń sùn ní pálọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí. Káfíńtà wá wo òrùlé, ó ti ilẹ̀kùn yẹn wò, ó ní, "Èyí ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sẹ́wọ̀n! Ẹ jẹ́ n fá ìsàlẹ̀ ẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni." Àbúrò yín na apá méjèèjì dí i. "Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ìyàwó yín, tí kì í pariwo, ló sọ̀rọ̀ nígbà tí káfíńtà lọ. "Àǹtí wa, ẹnì kan la sin. Ta ló ní kí ẹ̀yin náà wọlé lọ tilẹ̀kùn mọ́rí?"

Ó ní, "Mo ṣèlérí fún un."

"Èmi náà ṣèlérí fún un. Mo sì ní ọmọ tó ń sùn lórí àga."

Àbúrò yín wọ yàrá ẹ̀yìn pa dà. Ọdún márùn-ún!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni oníkámẹ́rà yín yà nílé. Ó ti ń fẹ̀yìn tì, ó ń tú yàrá ẹrù rẹ̀, ó gbé agolo bísíkíìtì kan dání, káàdì kámẹ́rà kún inú rẹ̀. Àbúrò yín ní òun ti ní gbogbo rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Bàbá náà wo kọ̀ǹpútà, ó wo ìwé tó fi ń kọ gígùn àwòrán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ó ní, "Nọ́ńbà kọkànlélógójì, ìṣẹ́jú méjì ló wà níbí. Èmi ya mẹ́rin."

Àbúrò yín fa ìwé náà mọ́ra, ó kà á.

Ẹ rántí ohun tí ẹ kọ́ àbúrò yín láyé ìpolówó, nígbà tí àyè inú kọ̀ǹpútà kò tó nǹkan? Ohun tó bá wà lẹ́yìn "Ó tó!", ìrù ni, gé e kó o tó kó àwòrán wọ kọ̀ǹpútà. Ó mọ̀ pé kámẹ́rà máa ń yí lọ lẹ́yìn "Ó tó!". Ṣùgbọ́n ojú olórin ni ìyẹn wà fún, kò ronú pé fíìmù lè ní ìrù tó wúlò. Ó gé gbogbo rẹ̀.

Oníkámẹ́rà pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá ní kí n jẹ́ ó máa yí, ìwọ wá ń gé ìrù ẹ̀ dà nù! Ṣé ẹran ìléyá ni?" Àbúrò yín kò rẹ́rìn-ín. Ó gbá orí mú.

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi wo ìrù. Ẹnì kan sín. Ẹ̀yin ń béèrè omi. Ẹ̀yin ń kọrin tí ẹ kò mọ̀. Ohùn yín o! Ó dé orí kọkànlélógójì. Ẹ pariwo "Ó tó!" láti ìta. Obìnrin òṣèré náà dìde, ó fẹ́ jáde lọ gba atẹ́gùn. Ó ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó gbé ọwọ́ ilẹ̀kùn sókè díẹ̀, ó fi eékún tì í. Kò ṣí. Ojú rẹ̀ yí pa dà, ìyẹn kì í ṣe eré mọ́: ojú ẹni tó há ni. Ó kan ilẹ̀kùn, ó tún kàn án. Lẹ́yìn náà ni ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yọ, ìka mẹ́rin sì di etí pákó mú láti ìta. Àpá ibi tí iná ti jó yín wà lẹ́yìn ìka kejì. Ẹ fà á. Oòrùn wọlé. Ẹ ní, "Jáde, jàre. Afẹ́fẹ́ wà níta." Ó jáde. Aago ara ògiri wà ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bí òfin yín.

Oníkámẹ́rà ní kí àbúrò yín pa ìka náà rẹ́, pé kọ̀ǹpútà ń ṣe é, olùdarí kì í hàn nínú fíìmù. Ó gbìyànjú rẹ̀ ní àárọ̀ kan. Ilẹ̀kùn ń ṣí fúnra rẹ̀, irọ́ ni ó ń pa. Ó dá ọwọ́ yín pa dà. Ó fi ohùn yín sílẹ̀ pẹ̀lú. Ó wá ní, "Ó tó," ó dìde lórí àga.

A wò ó ní pálọ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Ìyàwó yín rí ìka mẹ́rin yẹn, ó figbe ta: "Ẹ wo ọwọ́ yẹn! Kò fọ̀ ọ́ kó tó fi di ilẹ̀kùn mi mú!" Ẹ̀rín ló pa wá. Ẹkún ló pa wá!

A ti yọ téèpù pupa nílẹ̀. Aago ń rìn. Káfíńtà fá ilẹ̀kùn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ni, kò sì dákẹ́ "mo sọ fún yín". Ọmọ yín tẹrí ba, ó gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wọlé.

Ẹni tó bá wo fíìmù yín á bi wá pé ta ló ni ọwọ́ yẹn. A ó máa dárúkọ yín fún wọn, kò ní sú wa. Ọkàn wa ń fà sí yín, Bọ̀ọ̀dá. Ọdún márùn-ún kò mú ìfẹ́ yín dín kù nínú ilé yìí.

Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn kò wọ́lẹ̀ mọ́, ìka kan ṣoṣo tó láti fi tì í. Ṣùgbọ́n àbúrò yín, tó bá dé ìdí rẹ̀, ó ṣì máa ń dúró díẹ̀ kó tó tì í, bí ẹni tó ń retí kí ọwọ́ kan fà á láti ìta.